Sókàwéè Ìyá Wolé-wolé

Bí ẹnikẹ́ni bá wọ àdúgbò wọn ní Òkóta, tó sì ń béèrè ilé Felicia Adéjùmọ̀, àwọn èèyàn á kàn máa wo ara wọn lójú ni. Ṣùgbọ́n bó bá ní ilé Ìyá Wolé-wolé lòun ń wá, ọmọ tí kò tíì mọ ABD á fà á lọ́wọ́ débẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n gbáko ni Felicia fi ṣe iṣẹ́ wolé-wolé lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, iṣẹ́ àwọn tó ń yẹ ìmọ́tótó ilé onílé wò. Ọmọ Ìjerò Èkìtì ni, ó ga, ó tín-ín-rín, ojú rẹ̀ mú bí abẹ. Nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, tó bá wọ àgbàlá kan, kì í jókòó, kì í gba omi mu. Ẹ̀yìnkùlé ló máa gbà lọ tààrà. Á yọjú sí kànga, á fi ọ̀pá tú inú gọ́tà, á wá ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún òun. Bí ibẹ̀ bá dọ̀tí, ẹ̀bẹ̀ kì í ràn án. Àwọn kan máa ń sọ pé bí ìyá tó bí i lọ́mọ bá da pàǹtí síta, Felicia á kọ ìwé ẹjọ́ fún un, á sì tún bá a gbé e dé kóòtù.

Ó ti fẹ̀yìn tì lọ́dún méje sẹ́yìn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Láràárọ̀ ló máa ń gbá iwájú ilé rẹ̀ títí dé ojú títì, á wá dúró, á máa wo gọ́tà àwọn aládùúgbò láti òkèèrè. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré kan ni, lórí ìlàjì púlọ́ọ̀tì, tí ọkọ rẹ̀, Olúbọ̀wálé, kọ́ nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ọ́. Tíṣà ìṣirò ni ọkùnrin náà, ó ti di olóògbé láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Òkè ni Felicia ń gbé. Ìsàlẹ̀ ni ayálégbé rẹ̀ wà, Ìsíátù, ọmọ Ìsẹ́yìn, tó ń ta bàtà ọmọdé ní Òṣòdì, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Ìyá Teslim. Teslim ti gbéyàwó, ó ti kó lọ, ó wá ku ìyá náà àti Nafeesah, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìránṣọ.

Ohun kan tí Felicia fi ń yangàn ju gbogbo nǹkan lọ ni kànga ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Omi Òkóta kì í sábàá dára, ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, omi sì sún mọ́ òkè. Àmọ́ kànga tirẹ̀ mọ́ gaara. Ilé mẹ́rin tàbí márùn-ún ló ń pọn níbẹ̀. Tí wọ́n bá yìn ín, á ní, "Ẹ̀kọ́ ni. Ọkọ mi fi etí sí ẹ̀kọ́."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹsàn-án ni àwọn òṣìṣẹ́ dé. Ilé iṣẹ́ kan ló ń ri okùn íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ káàkiri àdúgbò, àwọn tó gba iṣẹ́ náà ṣe fún wọn sì kó ẹ̀rọ wá. Wọn kì í la gbogbo ojú títì. Wọ́n á gbẹ́ ihò kékeré síhìn-ín, wọ́n á gbẹ́ òmíràn sọ́hùn-ún, ẹ̀rọ á wá ti irin gígùn kan gba abẹ́ ilẹ̀ láti ihò kìíní dé ìkejì, kí wọ́n tó fi irin náà fa páìpù rọ́bà pupa tí okùn ń gbà kọjá. Felicia jókòó sí bàràńdà òkè, ó ń wò wọ́n. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó sọ̀kalẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ti béèrè ohun tó wà nísàlẹ̀ ibí yìí?"

Ẹni tó ń darí ẹ̀rọ rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ẹ má dààmú. Ẹ̀rọ wa lójú nílẹ̀."

"Páìpù omi ìjọba kọjá níbẹ̀ nígbà kan. Ẹ gbẹ́ kòtò ìdánwò, kẹ́ ẹ fojú rí ohun tó wà nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ tó ti irin yẹn."

"A ti gbọ́, Mọ́mì. No wahala."

Wọn kò gbẹ́ kòtò ìdánwò kankan. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, wọ́n ti ri nǹkan wọn mọ́lẹ̀, wọ́n ti gbé àpótí kọnkéré kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì Felicia, wọ́n fi ìdérí bò ó, wọ́n sì ti kó ẹ̀rọ wọn lọ.

Àárọ̀ Sátidé ni igbe ta nísàlẹ̀.

"Ìyá Tiwa! Ẹ gbà mí o! Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń bì!"

Ìsíátù ni. Tiwátọ́pẹ́ lorúkọ ọmọ kan ṣoṣo tí Felicia bí, Àbújá ló ń gbé, òun ni wọ́n fi ń pe ìyá rẹ̀ ní Ìyá Tiwa nínú ilé. Felicia sáré sọ̀kalẹ̀ láìwọ bàtà. Ohun tó rí mú un dúró gbọnrangandan lẹ́nu ọ̀nà. Omi dúdú ń ru gùdù láti inú àwo ìgbọ̀nsẹ̀, ó ń ṣàn bọ́ sórí táìsì, ó ti wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nafeesah, tó ń wẹ̀ lọ́wọ́, ti gun orí àpótí ìjókòó pẹ̀lú táwẹ̀ẹ̀lì láyà.

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu Felicia kì í ṣe pẹ̀lẹ́. "Kí lo jù síbẹ̀?"

Ìsíátù yíjú sí i. Láti ọdún mọ́kànlá tó ti ń gbé ilé náà, Felicia kò fi "ìwọ" bá a sọ̀rọ̀ rí.

"Èmi, Ìyá Tiwa?"

"Ta ni mò ń bá wí? Aṣọ ni àbí páàdì? Ṣebí mo ti sọ fún yín pé omi àti ìwé nìkan ló ń wọ ibẹ̀!"

"Mo fi Ọlọ́run búra, a ò ju nǹkan kan síbẹ̀."

Felicia kò gbọ́. Ó ti bọ́ síta, ó ti gbé irin tí wọ́n fi ń ṣí ìdérí táńkì ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Ìsíátù tẹ̀ lé e, inú rẹ̀ bà jẹ́, síbẹ̀ ó bá a tẹ irin náà. Ìdérí ṣí. Àwọn obìnrin méjèèjì fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Táńkì kún dé ẹnu.

Kí Ọdún Àjíǹde tó wọlé ni ọkọ̀ wá fa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́ta, ọdún mẹ́rin ló máa ń tó kó tó tún kún. Oṣù mélòó ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá yìí?

"Omi inú ẹ̀ kò jáde mọ́," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Sókàwéè kò gbà á."

"Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Kòtò kejì. Èyí gba ìgbẹ́ dúró, omi orí ẹ̀ á ṣàn lọ sí sókàwéè, ilẹ̀ á wá fà á mu díẹ̀díẹ̀." Ó nawọ́ sí orí sìmẹ́ńtì àgbàlá, lẹ́bàá fèrèsé yàrá ìdáná. "Abẹ́ ibẹ̀ yẹn ló wà. Bọ̀wálé ló fi hàn mí."

Wọ́n wo ibẹ̀. Sìmẹ́ńtì náà gbẹ táútáú. Kò sán, kò tutù, kò sì rùn.

Ẹnu ìyẹn ni wọ́n wà tí Nafeesah fi pè wọ́n láti ẹ̀yìnkùlé. Ó ti fa omi láti fi ṣan ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì gbé korobá náà dání bí ẹni gbé ejò. "Mummy, ẹ wá gbóòórùn omi yìí."

Felicia bẹ̀rẹ̀, ó gbé imú sí i. Ńṣe ló dà bíi pé wọ́n gbá a létí. Ó tún gbé imú sí i lẹ́ẹ̀kejì, bóyá imú rẹ̀ ló ń parọ́. Omi kànga rẹ̀, omi tí òun àti ọkọ rẹ̀ fi ọgbọ̀n ọdún mu, ń rùn. Ó wo ilẹ̀ yíká. Nítòsí kànga, níbi tí páìpù ìgbọ̀nsẹ̀ ti ń yà lọ sí iwájú, kòtò kékeré kan wà tí wọ́n ń gbà yẹ páìpù wò, tí wọ́n fi ìdérí kọnkéré dé. Ẹ̀gbẹ́ ìdérí náà ti ń sun omi. Ó lè ti tó ọjọ́ méjì tí ìdọ̀tí ti ń padà sẹ́yìn, tó ń kún, tó ń yọ́ wọ inú kànga, àwọn sì ń pọn ọ́n, àwọn ará ilé mẹ́rin sì ń pọn ọ́n.

"Mo kú o," ó ní. Ó gbé ọwọ́ lérí. "Ìyá Teslim, ẹ sáré. Ẹ lọ sọ fún gbogbo wọn kí wọ́n da omi nù. Kí ẹnikẹ́ni má fi se nǹkan, kí wọ́n má fi fọ eyín."

Ìsíátù ti jáde kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Síbẹ̀, ọgbọ́n iṣẹ́ kò sá kúrò lára Felicia. Ó lọ mú búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun, ó pò ó sínú korobá títí tó fi ṣú bí aró, ó sì dà á sínú táńkì tó wà lẹ́nu géètì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wọn ní ilé ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó ní Ìbàdàn: tí o kò bá mọ ibi tí omi ń gbà, pa á láró, kí o sì dúró dè é. Ó dúró. Ó yí gbogbo àgbàlá ká. Kò rí nǹkan. Ó ṣí géètì, ó bọ́ síta, ó gba ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì, ó dé ibi àpótí kọnkéré àwọn òṣìṣẹ́. Ó fi irin gbé ìdérí rẹ̀.

Okùn íńtánẹ́ẹ̀tì wà nínú omi ìgbẹ́. Bó ti ń wò ó, búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ páìpù pupa náà, ó ń tàn kálẹ̀ bí èéfín.

Ó pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí aládùúgbò òdìkejì títì fi jáde. "Wọ́n ti wọ abẹ́ fẹ́ǹsì mi! Wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ dé inú ilé mi!"

Ohun tó rò nìyẹn. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí omi inú ilé rẹ̀ fi lè dé ìta. Ó ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú fóònù: táńkì, kànga, àpótí, búlúù. Ó pe nọ́ńbà ilé iṣẹ́ náà tó wà lára ìdérí, ó sì pe Morọ́lá.

Morọ́lá ni wolé-wolé tó wà lẹ́nu iṣẹ́ báyìí. Felicia ló kọ́ ọ níṣẹ́, òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di téèpù mú tí kò fi ní í parọ́. "Má dojú tì mí o," Felicia wí fún un lórí fóònù. "Mú téèpù wá. Mo fẹ́ kí o wọn ibi tí wọ́n gbà wọlé mi ní íǹsì sí íǹsì."

Lọ́jọ́ Ajé, Morọ́lá dé nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹ́ńjíníà ilé iṣẹ́ náà fi dé pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta. Babájídé lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin tó mọ́ tónítóní, bàtà rẹ̀ ń dán. Ó kí Felicia tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó wo inú àpótí, ó sì mi orí.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Omi gọ́tà ni eléyìí."

"Omi gọ́tà tó ní búlúù mi nínú?"

"Ó lè jẹ́ pé ẹ da búlúù sí gọ́tà láìmọ̀. Ìlà tí irin wa gbà, mo ní i nínú fóònù mi. Ẹ̀gbẹ́ títì ni. Kò fara kan fẹ́ǹsì yín rárá. Kò sì sí nǹkan kan lábẹ́ ibí yìí, ilẹ̀ líle ni." Ó gbé ẹsẹ̀, ó fi tẹ ilẹ̀ kì. "Ẹ wò ó, ó le bí..."

Kò parí rẹ̀. Ilẹ̀ ya. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ́ńjíníà rì wọlé dé itan, bàtà dídán àti gbogbo rẹ̀, ó sì na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni fẹ́ fò. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sáré dì í mú. Bí wọ́n ti ń fà á jáde, ilẹ̀ yíká ibẹ̀ ń ya lọ síi, ó ń jábọ́ sísàlẹ̀, òórùn sì gba gbogbo ojú títì. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Iwájú ibẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ iléèwé máa ń gbà kọjá láràárọ̀, ibẹ̀ náà sì ni ọlọ́kọ̀ omi máa ń dúró sí.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, gbogbo wọn yọjú. Kòtò ńlá kan ni, onígun mẹ́rin, tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ yíká, tí wọ́n dá ihò sára búlọ́ọ̀kù náà kí omi lè máa gba ibẹ̀ wọ ilẹ̀. Páìpù pupa ti àwọn òṣìṣẹ́ gba àárín rẹ̀ kọjá. Irin wọn ti wó ògiri méjì lulẹ̀, àwókù náà sì ti dí ẹnu páìpù àtijọ́ kan tó wọ inú kòtò náà láti apá ilé Felicia. Gbogbo ara àwókù náà ti di búlúù.

Nǹkan mìíràn sì tún wà níbẹ̀. Àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin tí wọ́n rọ iyẹ̀pẹ̀ kún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù pupa náà, tí wọ́n kì bọ ibi tí ògiri ti wó. Àpò kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ kòtò. Babájídé wo àwọn àpò náà, ó wo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì dorí kodò.

"Ẹ mọ̀?" Babájídé bi í. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ẹ mọ̀ pé ẹ lu kòtò ní Ọjọ́bọ̀, ẹ wá bò ó?"

"Ọ̀gá, wọ́n ní ká parí lọ́jọ́ yẹn dandan."

Ṣùgbọ́n Felicia kò gbọ́ ìyẹn. Kòtò náà ló ń wò, ó wá ń wo fẹ́ǹsì, ó tún padà sí kòtò. Morọ́lá ti tẹ́ téèpù láti ẹsẹ̀ fẹ́ǹsì dé etí búlọ́ọ̀kù. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ló kàn dúró, tó ń ká téèpù náà díẹ̀díẹ̀, kò fẹ́ gbójú sókè.

"Mélòó ni?" Felicia bi í.

"Màmá..."

"Mo ní mélòó ni?"

"Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Síta. Ojú ọ̀nà ìjọba ló wà, Màmá."

Babájídé náà ti mọ̀. "Háà, Mọ́mì," ó ní, ó ń nu itan rẹ̀, "ẹ̀yin lẹ gbẹ́ sókàwéè sójú títì?"

"Kì í ṣe tèmi." Felicia sọ ọ́ kíá. "Tèmi wà nínú àgbàlá. Ọkọ mi fi hàn mí."

Páìpù àtijọ́ yẹn, ilé rẹ̀ ló ti wá. Búlúù yẹn, búlúù rẹ̀ ni. Ó fi ọwọ́ wá nǹkan tí òun lè dì mú, kò rí, ó sì jókòó lé orí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tó wà níbẹ̀, òun tí kì í jókòó nílé onílé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ojú títì. "Olúbọ̀wálé," ó ní.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Òkè-Àfà. Ẹnì kan ṣoṣo tó lè mọ̀ ló ń wá, Bàbá Àjàmú, bíríkìlà tó kọ́ ilé náà láti ìpìlẹ̀. Bàbá náà ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ kan ti fọ́, ṣùgbọ́n ó dá ohùn Felicia mọ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

"Ìyàwó Bọ̀wálé! Káàbọ̀. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Bàbá, níbo lẹ gbẹ́ sókàwéè wa sí?"

Bàbá Àjàmú mú ọ̀pá rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. "Àṣírí ti tú," ó ní nígbẹ̀yìn.

"Ẹ sọ fún mi, Bàbá."

"Ìwọ lo gbẹ́ ẹ síbẹ̀."

"Èmi kẹ̀?"

"Ṣebí ìwọ lo kọ̀wé láti Ìbàdàn nígbà tí ò ń ṣe kọ́ọ̀sì. Bọ̀wálé mú ìwé náà wá, ó kà á fún mi lórí òkìtì búlọ́ọ̀kù. O ní kànga àti sókàwéè kò gbọdọ̀ sún mọ́ra, pé ó kéré tán kí àádọ́ta ẹsẹ̀ bàtà wà láàárín wọn, pé bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwọ kò ní í kó wọ ilé náà. Ìlàjì púlọ́ọ̀tì, Felicia! Ibo la fẹ́ gbà á sí? A wọ̀n ọ́n títí. Ilé ti gba àárín. Nígbà tí a gbé kànga dé ìkángun ẹ̀yìn pátápátá, ó ṣì ku díẹ̀. Ó wá ní kí n gbé sókàwéè bọ́ síta. Títì ò tíì sí níbẹ̀ nígbà yẹn, koríko ni. Ó ní kí n má sọ fún ọ. Ó ní tí o bá mọ̀, wàá ní ká wó o."

Felicia gbìyànjú láti rántí ìwé náà. Kò kọ́kọ́ rántí. Nígbà tó yá, ó rántí gègé pupa tó fi fa ìlà sábẹ́ "àádọ́ta ẹsẹ̀ bàtà". Ìlà méjì. Ọgbọ̀n ọdún ni ọkùnrin náà fi ń jẹun lórí tábìlì kan náà pẹ̀lú rẹ̀, tó ń gbọ́ bó ti ń ròyìn àwọn tó gbẹ́ kòtò sójú ọ̀nà, tó ń ní, "O káre, wolé-wolé mi," tó sì ń bu omi kànga mu.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé e padà bọ̀, Bàbá Ajíbọ́lá wá sí i lọ́kàn. Télọ̀ kan ni, lápá Ìsọlọ̀, ó ti tó ogún ọdún sẹ́yìn. Sókàwéè bàbá náà yọ sójú ọ̀nà ní ẹsẹ̀ bàtà méjì péré. Ó bẹ Felicia, ó kúnlẹ̀, àgbàlagbà bẹ́ẹ̀. Ó ní ilẹ̀ òun ló kéré. Felicia dá a lóhùn pé òfin kò mọ ojú. Wọ́n sì wó o. Kò padà lọ wo ibi tí bàbá náà àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń yàgbẹ́ sí lẹ́yìn náà. Ó yà á lẹ́nu pé òun kò tilẹ̀ ronú ẹ̀ rí.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Babájídé tún padà wá, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú bàtà rọ́bà. Ó bá Felicia àti Morọ́lá lẹ́nu géètì.

"Mọ́mì, mo ti bá àwọn ọ̀gá mi sọ̀rọ̀," ó ní. "Ìjà ò dára fún ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìjọba á ní ẹ gbẹ́ kòtò sójú ọ̀nà, àwọn ọ̀gá mi náà á ní kòtò yín ló ba okùn àwọn jẹ́. Ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀ láàárín ara wa. A ó tún búlọ́ọ̀kù náà mọ, a ó gbé páìpù wa gba ẹ̀gbẹ́, a ó bò ó. Ẹnikẹ́ni ò ní í mọ̀."

Felicia wo Morọ́lá. Ọmọbìnrin náà di bírò mú, ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì funfun. "Màmá, mi ò tíì kọ nǹkan kan," ó rọra wí. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́. Ohun tẹ́ ẹ bá ní kí n ṣe ni màá ṣe."

Ọ̀rọ̀ náà dun Felicia ju gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lọ. Ó ti lérò pé òun ti kọ́ ọmọ yìí pé kò gbọdọ̀ sí ẹnikẹ́ni tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tọ́ sí. Ó sì tún mọ̀ pé bí Morọ́lá ṣe sọ ọ́ yẹn, ó wu òun. Ó wu òun gan-an pé kí wọ́n bò ó.

"Kọ ọ́ bó ṣe wà," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò le. "Kọ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Kọ orúkọ ọkọ mi. Kọ ọ́ pé mo ní kí wọ́n gbẹ́ kòtò ìdánwò, wọn ò gbẹ́ ẹ. Kọ àpò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kọ kànga. Má fo ọ̀kan."

"Mọ́mì, ó máa kàn yín o," Babájídé wí.

"Ó ti kàn mí, ọmọ mi. Ìwọ náà, ó ti kàn ọ́ dé itan."

Babájídé fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rẹ́rìn-ín. "Òótọ́ ni pé wọn ò gbẹ́ ẹ," ó ní. "Màá kọ ìyẹn sínú ìwé tèmi náà."

Ó sì kọ ọ́. Ìwé tirẹ̀ àti ti Morọ́lá ló pàdé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le tó bí wọ́n ti bẹ̀rù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀ gbà. Wọ́n ní kí ilé iṣẹ́ náà yọ okùn wọn kúrò, kí wọ́n fa kòtò àtijọ́ gbẹ, kí wọ́n di í pa, kí wọ́n sì bá wọn gbẹ́ sókàwéè tuntun nítorí ìbàjẹ́ tí wọ́n bò mọ́lẹ̀. Wọ́n ní kí Felicia gba ìwé ìkìlọ̀, kí sókàwéè tuntun náà sì wà nínú fẹ́ǹsì rẹ̀. Inú àgbàlá kò sì gba méjèèjì. Bí sókàwéè bá wọlé, kànga gbọ́dọ̀ kú.

Àwọn tó wá dí kànga náà da òkúta sí i, wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ sí i, wọ́n fi kọnkéré bo ojú rẹ̀. Felicia dúró tì wọ́n títí wọ́n fi ṣe tán. Ọmọ méjì ní ilé kejì ti yàgbẹ́ gbuuru fún ọjọ́ mẹ́rin nítorí omi yẹn, ara wọn sì ti yá, ṣùgbọ́n ó ṣì máa ń lọ wò wọ́n láràárọ̀. Ìyá wọn kò sọ nǹkan kan tó burú sí i. Ìyẹn gan-an ló ń ni ín lára.

Ọjọ́ tí wọ́n dí kànga ló kan ilẹ̀kùn Ìsíátù. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Ìyá Teslim, mo ní ẹ ju nǹkan sínú àwo ìgbọ̀nsẹ̀. Mo fi ìwọ bá yín sọ̀rọ̀ lójú ọmọ yín. Ẹ jọ̀ọ́."

Ìsíátù ń to bàtà kéékèèké sínú báàgì. "Ó dùn mí o, Ìyá Tiwa," ó ní. "Kì í ṣe irọ́. Ọdún mọ́kànlá." Lẹ́yìn náà ló sún báàgì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí àyè lè wà lórí àga. "Ẹ wọlé. Ẹ jókòó."

Felicia jókòó. Wọ́n jọ to bàtà, ọ̀tún pẹ̀lú òsì, láìsọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí Ìsíátù bi í bóyá inú ṣì ń bí i sí Bàbá Tiwa, ó ní òun kò mọ̀. Ó ní òun máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bú u, òun á dé ìdajì, òun á wá rántí gègé pupa yẹn, ẹnu òun á sì kú.

Ní oṣù kọkànlá, àwọn òṣìṣẹ́ okùn íńtánẹ́ẹ̀tì náà dé òpópónà kejì. Felicia rí ẹ̀rọ wọn bó ti ń bọ̀ láti ibi tó ti lọ ra omi. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀, ó lọ dúró síwájú irin wọn gan-an.

"Kò sí ohun tó ń lọ sílẹ̀ níbí àfi tí ẹ bá gbẹ́ kòtò ìdánwò."

"Mọ́mì, ẹ má dá wa dúró, ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ pe Ẹ́ńjíníà Babájídé. Ẹ ní Ìyá Wolé-wolé ni."

Onílé tó wà níbẹ̀ gbọ́ ariwo, ó jáde wá, Alàgbà Adémidé, ọkùnrin oníkùn ńlá kan tó máa ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ó kí Felicia, ó ní kò séwu, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn èèyàn náà ṣiṣẹ́ wọn.

"Níbo ni sókàwéè yín wà, Alàgbà?" Felicia bi í.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sínú ọgbà, sí abẹ́ igi àgbálùmọ̀. "Ọ̀hún ni. Bàbá mi ló gbẹ́ ẹ."

"Ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ẹ?"

Alàgbà Adémidé ya ẹnu. Ó wo igi àgbálùmọ̀, ó wo fẹ́ǹsì, ó wá wo ilẹ̀ tí òun àti àwọn òṣìṣẹ́ dúró lé. Ó rọra gbé ẹsẹ̀ kan kúrò níbẹ̀, ó sì gbé èkejì.